Bí ọ̀gá olórin bá fẹ̀yìn tì, onílù ńkọ́?

Níbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, Ebenezer Obey fi òde jùjú sílẹ̀, ó gbájú mọ́ iṣẹ́ ìhìnrere. Baba tiẹ̀ padà ṣeré nígbà tó yá. Àwa olólùfẹ́ ò pàdánù púpọ̀: DJ á gbé Obey sí i lóde àríyá n'Íkòròdú, a ó jó. Ní Ẹ̀pẹ́, Ligali Mukaiba, Baba L'Ẹ̀pẹ́, ti lọ. Àpàlà rẹ̀ ò lọ.

Àmọ́ onílù ńkọ́? Owó òde àti owó nínà ló fi ń gbọ́ bùkátà. Ọjọ́ tí ọ̀gá bá so gìtá kọ́, òde parí nìyẹn. Orúkọ ọ̀gá ló sábà máa ń wà lára àwo.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ ń dá bándì sílẹ̀ báyìí, ẹ kọ àdéhùn kí ìlù tó dún: ta ló ni orin, èló ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan? Ọ̀gá lè sinmi. Ebi kì í fẹ̀yìn tì.