Ìrora Ojú Tí A Pè Ní Ìgbéraga

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí kì í ṣe ti ọdún, kì í sì í ṣe ti owó ìpàdé. Ẹ̀bi tiwa fúnra wa ni, a ó sì sọ ọ́ láìfi ohunkóhun bò.

Ìyá kan wà nínú ilé wa níhìn-ín ní Lọ́ńdọ̀nù, tí ó ti ń ki Ọ̀ṣun fún wa láti ìgbà tí a ti ń ṣe ọ̀sẹ̀ nínú yàrá kan ṣoṣo. Ní nǹkan bí ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ìyá yìí bẹ̀rẹ̀ sí í yẹra. Bí a bá pín obì, yóò gba awẹ́ tirẹ̀, yóò sì dì í mọ́wọ́, kò ní jẹ ẹ́. Bí a bá bu omi tútù láti fi bọ́jú, yóò gbé ojú sẹ́yìn. Nígbà tí ó yá, kò ki oríkì mọ́ rárá. Àwọn kan nínú wa sọ pé ó ti di ẹni ńlá, àwọn kan sì ní ó ti ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní ìkọ̀kọ̀. Kò sí ẹni tí ó bi í léèrè nínú àwa àgbà. Ọ̀dọ́mọbìnrin tí ó máa ń fi mọ́tò gbé e lọ sílé ni ó rí i lálẹ́ ọjọ́ kan, tí ìyá náà di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú lójijì, tí omijé ń dà lójú rẹ̀, tí kò sì lè la ẹnu ké.

Trigeminal neuralgia ni àwọn oníṣègùn ń pe àrùn náà. Iṣan ìmọ̀lára kan wà ní ẹ̀gbẹ́ ojú wa kọ̀ọ̀kan tí ó ti inú ọpọlọ jáde, tí ó sì pín sí ẹ̀ka mẹ́ta: ọ̀kan lọ sí iwájú orí àti àyíká ojú, ọ̀kan sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti èrìgì òkè, ọ̀kan sí àgbọ̀n ìsàlẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, òpó ẹ̀jẹ̀ kan ni ó tẹ iṣan yìí nítòsí ibi tí ó ti so mọ́ ọpọlọ, tí ó ń gbún un bí ẹ̀jẹ̀ ti ń lù, títí ohun tí ó bo iṣan náà yóò fi bó. Láti ìgbà náà, ohun tí kò tó nǹkan ni yóò máa ru ú sókè: atẹ́gùn, eyín fífọ̀, ọ̀rọ̀ sísọ, oúnjẹ jíjẹ, omi tútù. Ìrora náà ń bọ̀ bí ìgbà tí iná mànàmáná bá gbé ènìyàn. Ó lè jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ó sì lè tó ìṣẹ́jú méjì. Yóò lọ, yóò tún padà. Gbogbo ohun tí ìyá yìí ń sá fún ni ó wà nínú ohun tí a kà sílẹ̀ yìí.

Kì í ṣe àrùn tuntun. Ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù yìí kan náà ni oníṣègùn John Fothergill ti ṣàpèjúwe rẹ̀ ní 1773. Obìnrin ni ó ń bá jù, pàápàá àwọn tí ó ti lé ní àádọ́ta ọdún. Síbẹ̀, kí ìyá wa tó mọ orúkọ àrùn rẹ̀, wọ́n ti yọ eyín mẹ́ta ní ẹnu rẹ̀, nítorí pé ibi tí eyín wà ni ìrora náà ń gbà yọ. Eyín náà kò ní ẹ̀ṣẹ̀ kankan. Ohun tí ó ń ṣe é ni pé ẹnikẹ́ni kò tíì wo iṣan náà. Paracetamol tí ó ń gbé mì lójoojúmọ́ kò sì ràn án lọ́wọ́, nítorí oògùn tí ń mú ìrora lásán rọ̀ kì í sábà dé ibi tí irú ìrora yìí ti ń wá.

Oògùn tí ó dé ibẹ̀ ni carbamazepine. Láti 1962, tí Blom, oníṣègùn ará Sweden, ti kọ̀wé nípa rẹ̀, ni ayé ìṣègùn ti mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́ fún àrùn yìí. Ìlànà tí àjọ NICE gbé jáde nílẹ̀ yìí ní 2013 sì sọ pé òun ni kí dókítà kọ́kọ́ fún aláìsàn, bí kò bá sì ràn án lọ́wọ́, kí a ránṣẹ́ sí àwọn onímọ̀ tí ó jinlẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹbí ìyá yìí ṣí ìwé inú páálí oògùn náà, wárápá ni wọ́n kọ́kọ́ kà níbẹ̀. Ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ti rí létí Yorùbá. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ní kí ìyá òun má gbé e mì mọ́, kí àwọn ènìyàn má baà sọ pé wárápá ń gbé e. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ni ó fi pa á tì tí kò fi lè jẹ ẹ̀kọ tútù pàápàá.

Efinrin tí a fi ń se ọbẹ̀ ni a ń fún mu nígbà tí inú bá ń run ni. Ta ni ó wá ń wo ẹni tí ó ń jẹ ọbẹ̀ efinrin pé inú ń run ún? Ohun tí carbamazepine ń ṣe ni pé ó ń pàrọwà fún iṣan tí ó ń pariwo láìnídìí, ìbáà jẹ́ nínú ọpọlọ ẹni tí wárápá ń ṣe, ìbáà jẹ́ ní ojú ìyá wa. A kò sọ pé kò ní wàhálà tirẹ̀. Òòyì lè máa kọ́ ẹni tí ó ń lò ó, oorun lè máa kùn ún, iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ lè lọ sílẹ̀. Bí ara bá sú, kí ó tọ dókítà lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní kékeré, tí wọ́n sì ń gba ẹ̀jẹ̀ wò. Kí ẹnikẹ́ni má sì dá a dúró lójijì láìsọ fún dókítà.

A mọ̀ pé ibi tí a ń bọ̀ yìí ni àwọn kan yóò ti bínú sí wa. Wọ́n ní ẹni tí ó ní Ọ̀sanyìn kò gbọdọ̀ gbójú lé hóró oògùn. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Onísègùn tí ó mọṣẹ́ láàrin àwọn àgbà wa kì í ṣáà já ewé kí ó tó mọ ohun tí ó ń ṣe ènìyàn. Ẹ̀dọ̀ ni ó ń yọ carbamazepine kúrò lára. Oje èso grapefruit nìkan lè mú kí ó pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀. Bí èso orí àtẹ bá lè ṣe bẹ́ẹ̀, kí ni kí a wá sọ nípa ìgò agbo tí ó wọ bàálù wá láti ilé, tí ẹni tí ó ń tà á pàápàá kò lè ka ewé inú rẹ̀ tán? Ẹni tí ó bá fẹ́ lo agbo, kí ó mú orúkọ ewé náà lọ bá dókítà, kí ó sì mú orúkọ oògùn náà lọ bá onísègùn. Ọ̀sanyìn kò ní bínú sí ẹni tí ó bá bèèrè.

Bí oògùn kò bá ká a mọ́, iṣẹ́ abẹ wà. Ẹ̀rọ MRI lè fi òpó ẹ̀jẹ̀ tí ó tẹ iṣan náà hàn. Peter Jannetta ní Pittsburgh ni ó sọ iṣẹ́ abẹ kan di ohun tí ayé mọ̀: a lu ihò kékeré sẹ́yìn etí, a gbé òpó ẹ̀jẹ̀ náà kúrò lára iṣan, a sì fi nǹkan rírọ̀ sáàrin wọn. Nínú ìwé tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 1996 nípa ènìyàn 1,185, ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ṣì bọ́ lọ́wọ́ ìrora dáadáa lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n a ń ṣí agbárí ni, etí ẹ̀gbẹ́ náà sì lè di. Fún ẹni tí ara rẹ̀ kò gba irú rẹ̀, wọ́n lè gba ẹ̀rẹ̀kẹ́ fi abẹ́rẹ́ dé ìdí iṣan, tàbí kí wọ́n lo ìtànṣán láìfi abẹ kàn án, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú lè kú tipiri, tí ìrora sì lè padà wá.

A dífá fún ìyá wa, a sì rúbọ, a kò kábàámọ̀ rẹ̀. Ó ní láti ọjọ́ náà ni òun ti ń sùn pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀. Ṣùgbọ́n Ifá tí a dá kò ní kí ó má gbé oògùn mì. Àwa ni a fẹ́ fi ọ̀rọ̀ náà sí Ifá lẹ́nu.

A ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ ní gbangba. Ní ilé wa báyìí, omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ omi tútù, ẹni tí kò bá lè jẹ obì yóò fi kan ètè, ẹlòmíràn yóò sì bá a jẹ ẹ́, a kì í sì í bèèrè ìdí rẹ̀ lójú àwùjọ. Bí ẹnikẹ́ni bá ní ìrora tí ń ta bí iná ní ẹ̀gbẹ́ ojú kan, kí ó sọ fún wa kí ó tó gbà kí wọ́n yọ eyín rẹ̀. A ní àwọn ọ̀dọ́ tí yóò bá a dé ọ̀dọ̀ dókítà, tí yóò sì bá a túmọ̀ èdè.

Oṣù kẹjọ rèé tí ìyá wa ti padà sórí oògùn rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, ó ní òun fẹ́ ki Ọ̀ṣun díẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ó dúró, tí ó fi ọwọ́ di ẹ̀rẹ̀kẹ́. A dúró dè é.