Àpótí tí a ó kó ohùn àti àwòrán àwọn ẹni wa pamọ́ sí

A bá àwọn ìyálọ́mọ mẹ́ta tí Ọlọ́run sọ̀ láyọ̀ yọ̀. Ọlọ́run yóò wo àwọn ọmọ náà. A sì kí ẹbí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ògbómọ̀ṣọ́ dé, níbi tí wọ́n ti lọ sin ìyá wọn. Ọjọ́ ogbó ni ìyá náà lọ, ẹ̀yìn rẹ̀ yóò dára. Ọ̀rọ̀ ẹbí yìí gan-an ni ó mú wa gbé gègé lónìí, wọ́n sì ti fún wa láyè kí a sọ ọ́.

Nígbà tí àwa kan lọ kí wọn ní ilé wọn, nítòsí oríta Rumuokoro, àwọn ọmọ ní kí bàbá wọn jẹ́ kí àlejò gbọ́ bí ìyá àgbà ṣe máa ń ki ènìyàn. Bàbá náà dákẹ́. Fídíò ìsọmọlórúkọ àkọ́bí rẹ̀ wà tẹ́lẹ̀, èyí tí wọ́n yà ní 1998. Ìyá náà gbé ọmọ lé ẹsẹ̀, ó sì ń kì í láti orí baba rẹ̀ títí dé orí àwọn tí ẹnikẹ́ni nínú ilé kò mọ̀ mọ́. Wọ́n ti kó fídíò náà láti inú kásẹ́ẹ̀tì sínú hard disk kan ṣoṣo, wọ́n sì sọ kásẹ́ẹ̀tì nù nítorí pé ó ti bu. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, iná dé pẹ̀lú agbára tí ó ju bí ó ti yẹ lọ, láti ọjọ́ náà sì ni hard disk ti ń dún kọ́-kọ́-kọ́ tí kò sì ṣí mọ́. Ohun tí ó kù lọ́wọ́ wọn kò ju ìṣẹ́jú kan tí ẹnì kan fi fóònù ká ní ọdún tí ó kọjá, ariwo jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò sì ti bo ohùn ìyá mọ́lẹ̀.

Kì í ṣe àwa tálákà nìkan ni irú èyí ń bá. Fíìmù Shaihu Umar tí Adamu Halilu ṣe ní 1976 di àwátì fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí wọ́n tó rí i ní 2016 ní ibi ìpamọ́ Nigerian Film Corporation ní Jos, tí wọ́n tún un ṣe, tí àwọn ènìyàn sì wò ó ní Berlin ní 2018. Fíìmù ńlá nìyẹn, ó sì ní ilé tí ó wà. Ta ni ń ṣọ́ kásẹ́ẹ̀tì tiwa tí ó wà lábẹ́ ibùsùn? Ẹ̀rọ tí a ó fi wò ó pàápàá ti ń tán: Funai ti ilẹ̀ Japan, tí ó kù tí ó ń ṣe ẹ̀rọ fídíò oníkásẹ́ẹ̀tì, dáwọ́ dúró ní oṣù keje 2016.

Ohun tí a fẹ́ kí ẹ rò wò ni àpótí kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní NAS. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ rẹ̀ bà yín lẹ́rù. Kò tóbi ju búrẹ́dì ńlá kan lọ. Hard disk kan tàbí méjì ni a ń kì bọ inú rẹ̀, a ó sì fi wáyà so ó mọ́ ẹ̀rọ Wi-Fi ilé. Gbogbo fóònù, kọ̀ǹpútà àti tẹlifíṣọ̀n tí ó wà lórí Wi-Fi náà yóò lè wo ohun tí ó wà nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà: bàbá ń wo Saworoide ní pálọ̀, ìyá ń wo ìgbéyàwó àbúrò rẹ̀ ní yàrá. Kò jẹ dátà rárá, nítorí pé àwòrán náà kò jáde kúrò nínú ilé. Ẹ rántí ọjọ́ 14 oṣù kẹta 2024, tí àwọn wáyà abẹ́ òkun já nítòsí Abidjan tí íntánẹ́ẹ̀tì sì di ìṣòro káàkiri Nàìjíríà. Ẹ sì rántí oṣù kìíní 2025, tí NCC fọwọ́ sí i pé kí àwọn ilé iṣẹ́ fóònù fi ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún kún owó wọn. Ẹni tí ó ní àpótí tirẹ̀ kò ní láti bá ẹnikẹ́ni ṣírò dátà kí ó tó wo ìyá rẹ̀.

Ìbéèrè tí àwọn ènìyàn kọ́kọ́ ń bèèrè ni pé, tẹ́rà mélòó ni kí a rà? Lójú tiwa, ìbéèrè kejì nìyẹn. Ti àkọ́kọ́ ni pé, kí ni a ó sunkún lé lórí bí ó bá sọnù? Fíìmù tí a rà lọ́jà, a lè tún un rà. Oríkì tí ìyá kì, ta ni yóò tún un kì? Ní ti ìwọ̀n, ẹ má ṣe jẹ́ kí ọlọ́jà dẹ́rù bà yín. DVD kan kì í sábà ju gígábáìtì 4.7 lọ, nítorí náà tẹ́rà 4 yóò gba èyí tí ó lé ní 800. Ẹbí mélòó nínú wa ni ó ní DVD 800?

Àpótí oní-hard-disk-méjì ni a fara mọ́. A lè ṣètò rẹ̀ kí méjèèjì máa gbé ohun kan náà bí ìbejì, kí ó fi jẹ́ pé bí ọ̀kan bá dákẹ́, èkejì ṣì ń sọ̀rọ̀ (a tọrọ gáfárà lọ́wọ́ àwọn ìyá ìbejì). Ẹ kíyè sí i pé tẹ́rà 4 méjì tí a bá ṣètò báyìí yóò jẹ́ tẹ́rà 4 péré, kì í ṣe 8. Ẹ kíyè sí i pẹ̀lú pé àpótí òfìfo ni ọ̀pọ̀ ọlọ́jà ń tà. Owó hard disk sì lè ju owó àpótí lọ. Ní 2025, ìròyìn jáde láti Jámánì pé àwọn oníṣòwò kan ń ta hard disk tí a ti lò fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún wákàtí gẹ́gẹ́ bíi titun. Bí irú rẹ̀ bá lè ṣẹlẹ̀ lọ́hùn-ún, ẹ gba ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ ẹni tí ó bá tà á fún yín níhìn-ín.

Ṣùgbọ́n níbi yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Wọ́n rò pé níwọ̀n bí ó ti jẹ́ méjì, ó ti bùṣe. Bí ọmọ kékeré bá fọwọ́ pa fídíò rẹ́, lára ìbejì méjèèjì ni yóò ti parẹ́ lójú ẹsẹ̀. Olè kò ní fi ọ̀kan sílẹ̀, omi kò ní yọ ọ̀kan sílẹ̀, iná tí ó ba ti ẹbí tí a wí jẹ́ sì lè ba méjèèjì jẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Hard disk kẹta gbọ́dọ̀ wà, kí ó má sì gbé inú ilé kan náà. Nígbà tí ẹ bá ń lọ sílé fún Iléyá tàbí Kérésìmesì, ẹ gbé e dání, kí ó wà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ní Ìbàdàn tàbí Òṣogbo, kí ẹ sì mú òmíràn tí ẹ kó sílé tẹ́lẹ̀ padà wá láti kún un. Bí owó kò bá ká méjèèjì, ìyẹn àpótí ńlá àti hard disk kẹta, ẹ dín àpótí kù.

Ẹ má sì ṣí àpótí náà sí gbogbo ayé nítorí pé ẹ fẹ́ kí ọmọ tí ó wà ní London lè wò ó. Ní oṣù kẹfà 2021, ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ó ní àpótí My Book Live ti Western Digital jí, wọ́n sì bá a pé àwọn kan ti gba orí íntánẹ́ẹ̀tì wọlé pa gbogbo ohun inú rẹ̀ rẹ́. Láti 2015 ni kò ti sí àtúnṣe titun fún irú àpótí náà. Kí a da ti ọmọ London kọ sínú flash fún un nígbà tí ó bá wálé.

Ó ku ọ̀rọ̀ agbára àpótí. Kì í ṣe èdè kan náà ni gbogbo fídíò ń sọ. VCD ń sọ MPEG-1, DVD ń sọ MPEG-2, ọ̀pọ̀ fóònù titun ń sọ HEVC, H.264 sì ni èyí tí tẹlifíṣọ̀n òde òní fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ́ tán. Bí tẹlifíṣọ̀n kò bá gbọ́ èdè fáìlì, àpótí ni yóò ṣe ògbufọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti dúró láàárín ìyá tí ó ti ilé dé àti oníṣòwò tí ń sọ Ìkwerre ní ọjà, ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ ògbufọ̀ kì í ṣe kékeré. Àpótí aláìlágbára yóò máa làágùn, àwòrán yóò sì máa dúró kí ó tó tún máa lọ. Nítorí náà, kí ẹ tó rà á, ẹ kó fídíò mẹ́ta tàbí mẹ́rin sínú flash, kí ẹ kì í bọ ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n yín. Bí gbogbo rẹ̀ bá ṣí, àpótí olówó pọ́ọ́kú yóò tó yín. Bí kò bá ṣí, ẹ ní kí ọmọ tí ó mọ kọ̀ǹpútà yí wọn padà sí H.264 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nítorí pé ìyẹn dínwó ju kí ẹ ra àpótí alágbára lọ. Ètò tí yóò to fídíò yín lẹ́sẹẹsẹ pẹ̀lú àwòrán ni Jellyfin, ọ̀fẹ́ ni. Plex náà dára, ṣùgbọ́n láti oṣù kẹrin 2025 ni ó ti ń gba owó lọ́wọ́ ẹni tí ó bá fẹ́ wo ti ilé rẹ̀ láti ìta.

Ní ti iná, èyí tí a ṣì ń pè ní NEPA bí orúkọ náà tilẹ̀ ti kúrò nílẹ̀ tipẹ́, irú àpótí bẹ́ẹ̀ kò lò ju bíi wáàtì 20 lọ. Bí ó bá tan láti òwúrọ̀ dé òwúrọ̀, kò tó ìdajì yúníìtì. Kì í ṣe iye iná ni ìṣòro, bí kò ṣe bí iná ṣe ń dé àti bí ó ṣe ń lọ. Ẹ má so ó mọ́ ògiri lásán láé. Ẹ ra UPS kékeré, èyí tí ó ní wáyà tí ó lè sọ fún àpótí pé iná ti lọ, kí ó rọra pa ara rẹ̀. Ẹ gbé e sí ibi gíga tí afẹ́fẹ́ ń gbà, kí ẹ sì máa nu ihò fáànù rẹ̀, nítorí eruku dúdú èéfín tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í bà lé fèrèsé wa ní Port Harcourt ní 2016 kò mọ̀ pé ohùn ìyá ẹni ni ó wà níbẹ̀.

Ẹni tí agbára rẹ̀ kò tíì ká àpótí, kí ó má jókòó. Kọ̀ǹpútà alágbèéká àtijọ́ tí ó ṣì ń tan lè ṣe iṣẹ́ náà pẹ̀lú Jellyfin, kí hard disk méjì tí ó yàtọ̀ síra sì wà ní ilé méjì. Ní ìpàdé tí ó kọjá, ẹnì kan dá a lábàá pé kí ẹgbẹ́ ra àpótí ńlá kan fún gbogbo wa. Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ni, ṣùgbọ́n àwa kò fara mọ́ ọn. Ọ̀rọ̀ inú ilé wà nínú fídíò tí kì í ṣe fún ojú gbogbo ayé, kò sì yẹ kí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ akọ̀wé. Ohun tí a lè ṣe ni kí ẹbí méjì tí ó fọkàn tán ara wọn máa bá ara wọn tọ́jú hard disk kẹta, kí oníkálukú fi password ti tirẹ̀. Àwọn tí ń dá àjọ lè fi ọwọ́ kan rà á.

Ẹ̀rọ fídíò oníkásẹ́ẹ̀tì kan tí ó ṣì ń ṣiṣẹ́ wà lọ́wọ́ wa. Kí ẹni tí ó bá ní kásẹ́ẹ̀tì mú un wá sí ìpàdé tí ń bọ̀, kí a bá a kó o, kí ó má sì sọ ọ́ nù lẹ́yìn náà. Ṣùgbọ́n kí ó kọ́kọ́ fi bíírò kọ orúkọ ẹni tí ohùn rẹ̀ wà nínú rẹ̀, ìlú àti ọdún, sí ara rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá a gbọ́ ọ̀kan tí obìnrin kan ti ń sun ẹkún ìyàwó, ohùn náà dùn débi pé gbogbo ilé dákẹ́, kò sì sí ẹnì kan níbẹ̀ tí ó lè sọ ẹni tí ó jẹ́.