Èèpo kókó kì í ṣe pàǹtírí

Ní gbogbo ibi tí kókó ti ń so nílẹ̀ Yorùbá, láti Oǹdó dé Ọ̀ṣun, Èkìtì, Ọ̀yọ́ àti Ògùn, òkìtì èèpo ni àwọn àgbẹ̀ máa ń fi sílẹ̀ lóko tí wọ́n bá ti fọ́ kókó tán. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, èèpo yìí ju ìdajì ìwọ̀n odidi kókó lọ dáadáa. Ibi tó bá sì ti ń jẹrà lábẹ́ igi ni àrùn tó ń sọ kókó di dúdú ti ń rí ibùgbé.

Àwọn ìyá àgbà kì í fi í ṣòfò. Wọn a sá a gbẹ, wọn a sun ún di eérú, wọn a da eérú náà sínú ìkòkò tó ní ihò nídìí, wọn a sì máa bu omi sí i kó lè máa ro díẹ̀díẹ̀. Omi eérú yìí ni wọn yóò sè títí yóò fi ki, kí wọ́n tó da àdín sí i, tí wọn yóò sì máa rò ó títí yóò fi di ọṣẹ dúdú.

Lónìí, ọṣẹ yìí ti di ọjà ní London àti ní Amẹ́ríkà. Ó ṣeni láàánú pé nílé, àwọn tí kò ní sùúrù ń fi kọ́sítíìkì sóódà dípò eérú. Bí òṣùwọ̀n rẹ̀ bá ṣì, awọ ara ni yóò jó. Obìnrin tó fi ọjọ́ púpọ̀ se ojúlówó ni yóò sì pàdánù oníbàárà.

Ó yẹ kí àwọn ìjọba ìbílẹ̀ ran ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn obìnrin oko lọ́wọ́ pẹ̀lú ìkòkò irin, nítorí omi eérú máa ń jẹ alumíníọ́ọ̀mù. Kí àjọ NAFDAC mú ìforúkọsílẹ̀ rọrùn fún oníṣẹ́ kékeré, kí ọwọ́ rẹ̀ sì le mọ́ àwọn oníjìbìtì. Kí ilé iṣẹ́ ìwádìí kókó, CRIN, tó wà n'Íbàdàn láti 1964, gbé ìmọ̀ rẹ̀ dé abúlé.

Àwọn òbí náà ní ojúṣe. Kí wọ́n kọ́ àwọn ọmọ níṣẹ́ yìí nígbà tí àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣì wà láàyè, ṣùgbọ́n kí wọ́n má jẹ́ kí ọmọdé fọwọ́ kan omi eérú, nítorí ó ń jóni.

Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ohun tí ará òkèèrè ń fi owó ńlá rà kò yẹ kó máa jẹrà lóko baba ẹni.