Bí Atẹ́gùn Bá Ń Fẹ́ Láti Ẹ̀gbẹ́

Ẹjọ́ ni wọ́n pè wá sí ní oṣù tó kọjá. Ẹ̀gbọ́n wa kan ní Àjàṣẹ́ ni ó ránṣẹ́, ó ní kí a wá bá òun dá sí ọ̀rọ̀ ọmọ òun. Ọmọ náà yóò jókòó ìdánwò BAC lọ́dún yìí, ṣùgbọ́n kì í tètè sùn lóru mọ́. Ó ra kọ̀ǹpútà àlòkù kan, ó so ọ̀pá ìdarí kékeré kan mọ́ ọn, ó sì ń fi í wa ọkọ̀ òfuurufú nínú yàrá. Bàbá ní eré ọmọdé ni. Ọmọ ní ẹ̀kọ́ ni. Àwa ní kí wọ́n jẹ́ kí a kọ́kọ́ fi ojú ara wa rí i ná.

A bá ọmọ náà ní yàrá rẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́. Ó dọ̀bálẹ̀, ó gbé àga fún wa, ó sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Ohun tí a kọ́kọ́ ṣàkíyèsí ni pé kò fò kiri ayé gẹ́gẹ́ bí bàbá rẹ̀ ti wí. Ojú kan ni ó wà. Ètò tí ó ń lò ń jẹ́ FlightGear, ọ̀fẹ́ ni, ẹnikẹ́ni lè gbà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì láìsan kọ́bọ̀. Yóò gbé ọkọ̀ kékeré kan, Cessna 172, sí òkè ìlú Kùtọ̀nú, yóò kọ imú rẹ̀ sí pápá ọkọ̀ òfuurufú Cadjèhoun, yóò fi òkun sí ọwọ́ òsì, yóò sì balẹ̀. Bí ó bá ti balẹ̀ tán, yóò tún dá ọkọ̀ padà sókè, yóò tún balẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ó ti wà lẹ́nu rẹ̀. A bi í léèrè pé kí ló dé tí kò lọ wo ibòmíràn. Ó ní, “Bàbá, bí atẹ́gùn bá ń sùn, ẹnikẹ́ni lè balẹ̀. Èyí tí ó ń fẹ́ láti ẹ̀gbẹ́ ni mo fẹ́ mọ̀.” A rántí òwe àwọn àgbà pé afẹ́fẹ́ ti fẹ́, a ti rí fùrọ̀ adìẹ. A fà àga wa súnmọ́ tòsí.

Ọ̀nà ìbalẹ̀ Kùtọ̀nú ń jẹ́ 06 ní orí kan, ó ń jẹ́ 24 ní orí kejì. Kì í ṣe pé wọ́n kàn kọ òǹkà náà síbẹ̀ lásán. Bí a bá fi òdo kan kún un, a ó mọ ìhà tí ọkọ̀ yóò kọ imú sí lójú kọ́ńpáàsì: 60 dígírì, tàbí 240. Ti Lómè ń jẹ́ 04 àti 22. Ti Èkó sì kọ ojú sí àríwá àti gúúsù, 36 àti 18. Ní etíkun tiwa, láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn ni atẹ́gùn òkun ti ń fẹ́ ní ọ̀pọ̀ oṣù ọdún. Bí ọyẹ́ bá dé, a yí padà, a máa fẹ́ láti àríwá ìlà-oòrùn. Ọ̀nà ìbalẹ̀ Kùtọ̀nú sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ipa àwọn méjèèjì mu, tó bẹ́ẹ̀ tí atẹ́gùn fi máa ń pàdé ọkọ̀ níwájú. Oore ni èyí, nítorí pé atẹ́gùn iwájú a máa dín eré ọkọ̀ kù lórí ilẹ̀.

Ṣùgbọ́n atẹ́gùn kì í ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni. Bí ó bá yà, tí ó ń ti ojú òkun gan-an bọ̀, láti gúúsù, tí eré rẹ̀ jẹ́ 12 nọ́ọ̀tì, èyíinì ni nǹkan bí 22 kìlómítà ní wákàtí kan, 60 dígírì ni ó fi yàtọ̀ sí imú ọkọ̀ tí ó ń balẹ̀ ní 24. Nínú nọ́ọ̀tì méjìlá náà, ó lé ní mẹ́wàá tí yóò máa ti ọkọ̀ láti ẹ̀gbẹ́. Ọmọ náà kọ ìṣirò rẹ̀ sórí bébà kan tí ó lẹ̀ mọ́ ògiri: bí ìyàtọ̀ bá jẹ́ 30 dígírì, ìdajì atẹ́gùn ni ti ẹ̀gbẹ́, bí ó bá jẹ́ 60, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá, bí ó bá jẹ́ 90, gbogbo rẹ̀ ni. Ìwé Cessna 172 sọ pé 15 nọ́ọ̀tì láti ẹ̀gbẹ́ ni èyí tí ó pọ̀ jù tí àwọn tó ṣe ọkọ̀ náà fi dán an wò. Ìwé náà kò pe 15 yìí ní òfin, ṣùgbọ́n ọlọ́gbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ kì í dé ìdajì rẹ̀ kí olùkọ́ rẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ẹni tí ó bá ti wọ ọkọ̀ ojú omi kọjá odò Wémè nígbà tí omi kún ti mọ ìdajì ẹ̀kọ́ yìí. Atukọ̀ kì í kọ orí ọkọ̀ sí èbúté tí ó ń lọ. Òkè odò ni ó ń kọ ọ́ sí, bí ẹni pé kò fẹ́ dé èbúté náà rárá, omi yóò sì máa gbé e bọ̀ títí yóò fi gúnlẹ̀ síbi tí ó fẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni awakọ̀ òfuurufú ṣe ń ṣe. Bí eré ọkọ̀ bá jẹ́ 65 nọ́ọ̀tì, tí atẹ́gùn ẹ̀gbẹ́ sì jẹ́ 10, yóò kọ imú sí ọ̀nà atẹ́gùn ní nǹkan bí 9 dígírì, ọkọ̀ yóò sì máa tọ ojú ọ̀nà lọ bí ó tilẹ̀ ń wo ibòmíràn. Àwọn Faransé ní ọkọ̀ náà ń fò “en crabe”. Àwa tí a dàgbà létí ọ̀sà, a kò nílò ògbufọ̀ fún èyí: akàn ni.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ni ìgbà tí ilẹ̀ bá kù díẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi lè fi ẹ̀gbẹ́ gún ẹrẹ̀, ẹrẹ̀ yóò gbà á. Táyà kò rí bẹ́ẹ̀. Ibi tí ó bá kọ ojú sí nìkan ni ó mọ̀ ọ́n yí sí, bí ọkọ̀ bá sì fi ìrìn akàn tẹlẹ̀, yóò fà táyà àti ẹsẹ̀ ọkọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì lè gbé e kúrò lójú ọ̀nà. Nítorí náà awakọ̀ gbọ́dọ̀ tọ́ imú rẹ̀ kí ó tó fara kan ilẹ̀. Bí atẹ́gùn bá ń ti òsì bọ̀, ẹsẹ̀ ọ̀tún ni yóò fi tẹ palonnier. Imú á tọ́. Lójú ẹsẹ̀ ni atẹ́gùn yóò bẹ̀rẹ̀ sí gbá ọkọ̀ lọ sí ọ̀tún, apá òsì a sì fẹ́ gbéra sókè. Ọwọ́ gbọ́dọ̀ ti ọ̀pá ìdarí sí òsì láti rẹ apá náà sílẹ̀. Ẹ wò ó: ọwọ́ ń lọ sí òsì, ẹsẹ̀ ń lọ sí ọ̀tún. Ẹsẹ̀ ọkọ̀ ti òsì ni yóò kọ́kọ́ kan ilẹ̀, lẹ́yìn náà ti ọ̀tún, lẹ́yìn náà ti imú. Àwọn kan ń ṣe èyí láti òkè wá, kí ó lè mọ́ wọn lára kí ilẹ̀ tó dé. Àwọn mìíràn ń rìn bí akàn títí di ìṣẹ́jú àáyá tó kẹ́yìn. Ọkọ̀ ńlá tí ẹ̀rọ rẹ̀ rọ̀ sábẹ́ apá kò lè rẹ apá sílẹ̀ púpọ̀, nítorí pé ẹ̀rọ náà lè gbá ilẹ̀. Àwọn tí ó ṣe B-52, ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà, tilẹ̀ yan ọ̀nà tiwọn: ẹsẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n ṣe tí ó fi lè yí sí ẹ̀gbẹ́, kí ọkọ̀ máa rìn bí akàn lórí ilẹ̀ pàápàá.

Nígbà tí ẹsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ti kan ilẹ̀, àwa rò pé ó parí. Kò parí. Ìrù tó nà ró lẹ́yìn ọkọ̀ a máa gba atẹ́gùn, a sì máa fẹ́ yí imú padà sí ibi tí atẹ́gùn ti ń bọ̀. Bí eré bá sì ṣe ń dínkù ni agbára ọ̀pá ìdarí ń dínkù, nítorí náà ṣe ni ọwọ́ ń tì í síwájú sí i sí òsì, títí tí kò fi ní lè lọ mọ́.

A gbà láti dán an wò. Ọmọ náà fi àga rẹ̀ sílẹ̀ fún wa, a sì wọ inú koríko. A tún gbìyànjú, a tún wọ inú koríko. Alẹ́ mẹ́rin ni a fi padà lọ, tí a ń sọ fún ilé pé ẹjọ́ náà kò tíì parí. Ọwọ́ wa lọ sí òsì bí a ti ní kí ó lọ, ẹsẹ̀ wa tẹ ọ̀tún, síbẹ̀ imú ọkọ̀ kò tọ́. A ti fẹ́ gbà pé ogbó ni ó fà á, kí ọmọ náà tó ṣí ibi tí wọ́n ti ń ṣètò ẹ̀rọ, tí ó sì fi ọwọ́ bo ẹnu. Ohun kan wà níbẹ̀ tí ó máa ń jẹ́ kí ìrù ọkọ̀ tẹ̀lé ọwọ́ fúnra rẹ̀, kí ó lè rọrùn fún ẹni tí kò ní palonnier. Fún ẹni tí ó ń yí kiri lójú ọ̀run, ìrànlọ́wọ́ gidi ni. Fún atẹ́gùn ẹ̀gbẹ́, ọ̀tá ni, nítorí pé ibi tí ọwọ́ lọ ni ó ń fa ẹsẹ̀ lọ, nígbà tí ó yẹ kí àwọn méjèèjì ṣe òdì sí ara wọn. Ta ló tan án? Òun ni. Ó ní àgbà ni wá, òun kò fẹ́ kí ó ni wá lára. Ó pa á. Ní ìgbà kẹta lẹ́yìn náà, a balẹ̀ lórí ẹsẹ̀ òsì, a sì dúró lójú ọ̀nà. A kò ní purọ́ fún yín, a kígbe.

Àmọ́ a kò jẹ́ kí ayọ̀ náà gbàgbé ohun tí ẹ̀rọ yìí kò lè ṣe. Ojú nìkan ni ó ń bá sọ̀rọ̀. Nínú ọkọ̀ gidi, bí ó bá ń yọ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́, ìdí ni ó ń kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lórí àga kí ojú tó rí i. Ojú àwòrán dín, bẹ́ẹ̀ ni etí ọ̀nà tí ó ń sáré kọjá ní ẹ̀gbẹ́ ojú ni ó ń sọ fún awakọ̀ bí ilẹ̀ ṣe kù sí. Atẹ́gùn inú ẹ̀rọ sì máa ń fẹ́ geere bí kò ṣe pé a ní kí ó máa já. Atẹ́gùn gidi a máa kọlu igi àti ilé, a máa dákẹ́ lójijì, a máa gbáni létí. Ẹ̀rù pẹ̀lú kò sí níbẹ̀.

Ohun àfarawé yìí kò sì bẹ̀rẹ̀ lánàá. Ní 1929, Edwin Link, ọmọ ẹni tí ó ń ṣe dùùrù ní Binghamton ní Amẹ́ríkà, fi ẹwìrì dùùrù ṣe ọkọ̀ kékeré kan tí kò kúrò nílẹ̀. Àwọn ènìyàn fi ṣe eré ní ọgbà ìṣeré. Ní 1934, lẹ́yìn tí àwọn awakọ̀ ológun tí ń gbé lẹ́tà kú nínú ojú ọjọ́ búburú, ìjọba Amẹ́ríkà ra mẹ́fà. Ohun tí wọ́n ń fi í kọ́ ni bí ènìyàn ṣe lè gba ohun tí aago iwájú rẹ̀ sọ gbọ́ nígbà tí kò rí nǹkan kan. Kò sí ẹni tí ó sọ pé ó rọ́pò òfuurufú.

Ohun kan wà tí ẹ̀rọ ilé lè kọ́ni dáadáa, òun ni ó sì mú kí a gbè sẹ́yìn ọmọ náà. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹta ọdún 2008, ọkọ̀ Airbus A320 kan ti Lufthansa fẹ́ balẹ̀ ní Hamburg ní Jámánì nínú ìjì líle. Atẹ́gùn ẹ̀gbẹ́ gbá a, ìkángun apá òsì rẹ̀ sì ha ilẹ̀. Àwọn awakọ̀ náà kò rọ́ ọ mọ́lẹ̀. Wọ́n fi iná sí ẹ̀rọ, wọ́n padà sókè, wọ́n sì balẹ̀ ní ọ̀nà mìíràn tí atẹ́gùn ti rọrùn. Kò sí ẹni tí ó fara pa. “Remise des gaz” ni wọ́n ń pe ìpadàsókè yẹn. Nínú àwọn ìbalẹ̀ tí ọmọ náà ṣe lójú wa, ó tó ìdá mẹ́ta tí kò balẹ̀ rárá. Bí ìlà ọ̀nà bá ti kúrò níwájú rẹ̀, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì tó o mọ́, ọwọ́ rẹ̀ ti wà lórí ọ̀pá ẹ̀rọ. A bi í bóyá kò ka èyí sí ìkùnà. Ó wò wá bí ẹni tí kò gbọ́ ìbéèrè náà.

Báyìí ni a ṣe dá ẹjọ́ náà. Wákàtí kan lálẹ́ Sátidé àti lálẹ́ Sunday, títí BAC yóò fi kọjá. Kí ó fi 5 nọ́ọ̀tì bẹ̀rẹ̀ lójoojúmọ́ tí ó bá jókòó, kí ó má fi 20 ṣe fáàrí fún àwọn ọ̀rẹ́. Kí ó máa wo òpin ọ̀nà jíjìn, kì í ṣe aago iwájú rẹ̀, nítorí pé ìwàkuwà tí a bá nìkan kọ́ nílé, owó olùkọ́ ni a ó fi tú u. Owó náà sì pọ̀. Bàbá rẹ̀ kò purọ́ lórí ìyẹn. A sọ fún ọmọ náà pé awakọ̀ nìkan kọ́ ni òfuurufú ń gbà: ASECNA ní ilé ẹ̀kọ́ ní Niamey níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn tí ń darí ọkọ̀ láti ilẹ̀ àti àwọn tí ń wo ojú ọjọ́, ẹni tí ó bá sì ti mọ atẹ́gùn báyìí kì í ṣe àjèjì níbẹ̀. Ó gbọ́. Kò sọ pé òun gbà.

Bàbá dúró lẹ́nu ọ̀nà ní gbogbo àkókò tí a fi ń sọ̀rọ̀. Nígbà tí a dìde, ó jókòó sórí àga tí a fi sílẹ̀, ó ní kí wọ́n fi atẹ́gùn náà sí i, kí wọ́n má pa ohunkóhun, kí wọ́n má tan ohunkóhun nítorí ọjọ́ orí òun. Ọmọ gbé e sí òkè ìlú. Ọ̀nà yọ níwájú, ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí sún lọ sí ọ̀tún, bàbá sì ń tì í, kò sọ̀rọ̀, ó fi eyín bu ètè. Ilẹ̀ kù díẹ̀.

“Bàbá, ẹ padà sókè,” ni ọmọ wí.

Ọwọ́ rẹ̀ dúró díẹ̀ lórí ọ̀pá ẹ̀rọ. Lẹ́yìn náà ó tì í síwájú, koríko náà sì lọ sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀.