Òkúta Àkókó àti Omi Inú Rẹ̀

Èrò kan ti gbilẹ̀ láàárín àwọn ọ̀mọ̀wé wa pé òkúta fífọ́ kì í ba omi jẹ́. Wọ́n ní epo rọ̀bì ló ba omi àwọn Ògóni jẹ́, wúrà ló sì sọ Odò Ọ̀ṣun di ẹrẹ̀. Òkúta lásán ni tiwa ní Àkókó, ọ̀nà ọlọ́dà kò sì ṣeé ṣe láìsí i. Mo ta ko èrò yìí pátápátá. Ní Ìkàrẹ́ àti ní Ọ̀kà, inú òkúta yìí gan-an ni omi wà. Ẹni tó ń ta òkúta náà láìbìkítà ń ta ìkòkò omi ará ilé rẹ̀ mọ́ ọn.

Ẹni tó bá ti gun òkè Ọ̀kà rí yóò mọ irú ilẹ̀ tí mo ń wí. Òkúta akọ ló gbé ìlú ró. Ní Èkó, iyanrìn nípọn lábẹ́ ilẹ̀, omi sì kún inú rẹ̀. Ní Àkókó kò rí bẹ́ẹ̀. Omi abẹ́ ilẹ̀ wa kò ju èyí tó fara pamọ́ sínú erùpẹ̀ tó bo òkúta lórí, àti èyí tó wọ inú ibi tí òkúta ti sán. Ìdí nìyí tí ènìyàn fi lè gbẹ́ kànga méjì nítòsí ara wọn, kí ọ̀kan lómi, kí èkejì sì gbẹ. Bí àwọn afọ́kúta bá wá gbẹ́ kòtò wọn jìn kọjá ojú omi kànga, omi àyíká a máa ṣàn wá sínú kòtò náà. Wọn a fi ẹ̀rọ fà á dànù kí iṣẹ́ lè máa lọ, omi kànga àwọn aládùúgbò a sì máa fà sẹ́yìn. Ohun abúgbàmù tí wọ́n ń lò ní èròjà ajílẹ̀ nínú, ìyókù èyí tí kò jó tán a sì máa bá òjò wọlẹ̀. Eruku òkúta ní tirẹ̀ a dí ojú odò. Ẹ̀rọ omi ìjọba láti adágún Awara ní Ìkàrẹ́ kò dé gbogbo ilé. Àwọn ìyá àti ọmọdé tó ń ru garawa ni yóò kọ́kọ́ mọ̀ pé nǹkan ti yí padà.

Àwọn baba wa tó sá gun orí òkè nígbà ogun Núpé ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún mọ̀ pé òkè tí kò ní ìsun kò lè gba ènìyàn là. Ní ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá, èèwọ̀ ni wọ́n fi ṣọgbà yí ìsun ká: a kì í gé igi ibẹ̀, a kì í fọ aṣọ lókè ibi tí a ti ń pọn omi mímu. A kàwé tán, a ní ìbọ̀rìṣà ni. N kò bá ẹnikẹ́ni jà nítorí ẹ̀sìn rẹ̀, ṣùgbọ́n kí ni àwọn tó wó ọgbà yìí fi rọ́pò rẹ̀? Àṣà nìkan kò sì tó mọ́. UNESCO fi Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo sínú àwọn ogún àgbáyé ní 2005. Síbẹ̀, ní 2022, ìjọba ìpínlẹ̀ náà kìlọ̀ fún àwọn olùjọ́sìn kí wọ́n má mu omi odò náà. Bí odò tí gbogbo ayé mọ̀ bá lè bàjẹ́ báyìí, ta ni yóò gba ti ìsun kékeré ní Ọ̀kà rò?

Wọn a ní òfin wà. Ó wà lóòótọ́. Òfin ọdún 1992 pàṣẹ pé kí a yẹ ipa iṣẹ́ wò kí ìfọ́kúta tó bẹ̀rẹ̀ láàárín kìlómítà 3 sí ibi tí ènìyàn ń gbé. Òfin ìwakùsà ọdún 2007 ní kí ẹnikẹ́ni má ba omi jẹ́. Òun kan náà ló ní ilé iṣẹ́ kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ kó tó bá ìlú ṣe àdéhùn. Ìjọba àpapọ̀ ló ni òkúta. Àdéhùn yìí ni agbára tó kù sí wa lọ́wọ́. Kí ni àwọn tó ń tọwọ́ bọ̀wé lórúkọ wa sì ń fi í béèrè? Páànù gbọ̀ngàn ìlú, àti owó ọdún ìbílẹ̀!

Ohun tó yẹ kí wọ́n béèrè ni ìwọ̀n kànga. Bí kànga ìyá kan bá gbẹ lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ilé iṣẹ́ á ní ọ̀gbẹlẹ̀ ni. Ta ni yóò já wọn nírọ́, nígbà tí kò sẹ́ni tó mọ ibi tí omi náà dé tẹ́lẹ̀? Wíwọ̀n ọ́n kò gba owó: okùn, òkò tí a so mọ́ ọn, àti ìwé àkọsílẹ̀, lẹ́ẹ̀kan nígbà ẹ̀rùn, lẹ́ẹ̀kan nígbà òjò. Yunifásítì Adékúnlé Ajáṣin wà ní Àkùngbá, láàárín Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ lè ṣe é, kí wọ́n sì yẹ omi náà wò. Kí ẹ̀dà kan wà láàfin, kí òmíràn wà ní yunifásítì, kí ó má jẹ́ ọ́fíìsì afọ́kúta nìkan ni yóò wà. Kí àdéhùn sì sọ ẹni tí yóò gbẹ́ kànga mìíràn bí ọ̀kan bá gbẹ, àti ẹni tí yóò gbé omi wá kí tuntun tó jáde. Ìlú tí kò bá tíì wọn kànga rẹ̀ kò gbọdọ̀ tọwọ́ bọ ìwé kankan.