Amọ̀ Kò Tíì Gbẹ

Ìwé wa ti tún dé, mo sì mọ̀ pé àwọn kan ń retí kí n parí ọ̀rọ̀ ewé tí mo bẹ̀rẹ̀ nígbà tó kọjá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí, ó di ìgbà mìíràn. Ohun tó wà lọ́kàn mi báyìí kò jẹ́ kí n ráyè ewé.

Nígbà ọ̀ginnìtìn tó kọjá, ní nǹkan bí aago méjì òru, ara bẹ̀rẹ̀ sí í ro ọmọbìnrin mi. Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ SS nílé mọ irú ìrora tí mò ń wí. Egungun ẹsẹ̀ àti ti ẹ̀yìn ló mú un. A fún un lómi mu, a fún un ní oògùn ìrora, a fi aṣọ tó nípọn wé e, mo sì gbé orí rẹ̀ lé itan. Ó dákẹ́ títí, mo rò pé ó ti sùn. Ó wá ní, "Màámi, nígbà tí Ọbàtálá ń mọ mí, ṣé ó ti mu ẹmu ni?"

Mi ò rí nǹkan sọ. Èmi tí mò ń wọ funfun nílé Òrìṣà, tí mi ò fẹnu kan ẹmu láti ọjọ́ tí mo ti gba Òrìṣà, kí ọmọ mi wá bi mí ní irú èyí. Ẹ bá mi wò ó.

Kíláàsì tó gbẹ̀yìn ní sẹ́kọ́ńdìrì ló wà, wọ́n sì ń kọ́ wọn ní ohun tí wọ́n ń pè ní ẹfolúṣọ̀n nínú Báyọ́lọ́jì: pé ohun abẹ̀mí ń yí padà díẹ̀díẹ̀ láti ìran dé ìran, pé bí ẹranko àti ènìyàn ṣe rí lónìí kọ́ ni wọ́n ṣe rí láti ìbẹ̀rẹ̀. Tíṣà tó ń kọ́ wọn, ọmọ ìjọ gidi ni. Ó ní kí wọ́n kọ́ ọ nítorí ìdánwò, kí wọ́n má gbà á gbọ́. Ó wá fi kún un pé ìtàn amọ̀ táwọn abọ̀rìṣà ń pa, irọ́ ni òun náà. Ọmọ mi kó ọ̀rọ̀ yẹn wálé, kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, àfi lóru ọjọ́ tí egungun ń ta á.

Nígbà tí ara rẹ̀ balẹ̀ díẹ̀, mo ní kó mú ìwé Báyọ́lọ́jì rẹ̀ wá. Mi ò kàwé púpọ̀, ṣùgbọ́n mo lè ka ohun tó bá kan ọmọ mi. Ohun tí mo kọ́kọ́ rí ni pé ọ̀rọ̀ "ọ̀bọ ló di ènìyàn" tí a máa ń fi ṣẹ̀sín kò sí níbẹ̀ rárá. Charles Darwin, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó gbé ìwé rẹ̀ jáde ní 1859, kò sọ pé ọ̀bọ tó wà lórí igi lónìí ló bí ẹnikẹ́ni. Ohun tí àwọn onímọ̀ ń sọ ni pé àwa àti inàkí jọ ní baba ńlá kan, ní nǹkan bí mílíọ̀nù 6 sí 7 ọdún sẹ́yìn, bí ọmọ ìyá méjì ṣe ń pínyà tí oníkálukú á lọ tẹ ilé tirẹ̀ dó. Èmi ò bínú sí ìyẹn. Nínú ilé tí a ti ń júbà igi, tí a kì í sọ ìgbín mọ́lẹ̀, kí ló dé tí ìbátan ẹranko á fi jẹ́ èébú?

Àwọn onígbàgbọ́ ti bá ẹ̀kọ́ yìí jà gan-an. Ní Tennessee lọ́hùn-ún ní Amẹ́ríkà, ní 1925, wọ́n gbé tíṣà kan, John Scopes, lọ sílé ẹjọ́ torí pé ó kọ́ ọmọ iléèwé ní i. Àmọ́ nígbà tó di 1996, Póòpù John Paul Kejì fúnra rẹ̀ sọ pé ẹ̀kọ́ náà ti kọjá àbá lásán. Ìjà wọn nìyẹn. Àwa ò ní ìwé tó ka ọjọ́ mẹ́fà fún wa. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ̀ẹ́ ká tíì yọ̀, torí àwa náà láwọn tó ń bá mi jiyàn nílé Òrìṣà pé bí Ọbàtálá ṣe mọ wá ní Ifẹ̀ náà la ṣe rí títí dòní, kò sí ohun tó yí padà. Ní 1965, Thurstan Shaw àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ láti Yunifásítì Ìbàdàn hú egungun ènìyàn kan nínú Ihò Eléérú, nítòsí Ìsàrún, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó ti òde òní. Ó tó nǹkan bí ọdún 13,000 tó ti wà níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n tún agbárí rẹ̀ wọ̀n, tí wọ́n sì gbé àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 2011, wọ́n rí i pé ìrísí rẹ̀ jọ tàwọn ènìyàn tó ti gbé ayé ṣáájú rẹ̀ tipẹ́tipẹ́ ju bó ṣe jọ tiwa lọ. Ilẹ̀ wa nìyẹn o, kò jìnnà sí Àkúrẹ́.

Ẹ jẹ́ n padà sọ́dọ̀ ọmọ mi. Níwájú díẹ̀ nínú ìwé kan náà, mo bá ara ilé mi pàdé. Mo ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, mo tún gbé e lọ bá nọ́ọ̀sì kan ládùúgbò wa kó là á yé mi.

Inú ẹ̀jẹ̀ pupa ni kòkòrò ibà tí ẹ̀fọn ń gbé wọ ara wa ti ń bí sí i. Ẹni tó jogún A láti ọ̀dọ̀ òbí kan, tó jogún S láti ọ̀dọ̀ èkejì, ìyẹn AS, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kì í rọ kòkòrò yìí lọ́rùn. Ibà lè mú un, ṣùgbọ́n irú èyí tó le, tó ń pa ọmọ kéékèèké, kì í sábà rí i gbé ṣe. Dókítà kan tó dàgbà ní Kẹ́ńyà, Anthony Allison, ló fi èyí hàn gbangba ní 1954. Kí oògùn tó dé, kí nẹ́ẹ̀tì tó dé, ọ̀pọ̀ ọmọ AA ló ń bá ibà lọ, ọmọ SS kì í sábà dàgbà, ọmọ AS ló ń yè tó ń bímọ jù. Bẹ́ẹ̀ ni fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé lónìí, bí ẹ bá ka ọmọ Nàìjíríà mẹ́rin, ó ṣeé ṣe kí ọ̀kan jẹ́ AS. Àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bùràsíìlì àti Kúbà gbé Ọbàtálá dání, ó di Oxalá lẹ́nu àwọn ará Bùràsíìlì. Wọ́n gbé S náà dání, ó ṣì wà lára àwọn ọmọ ọmọ wọn.

Ẹfolúṣọ̀n nìyẹn. Ọ̀rọ̀ inú iṣan èmi àti bàbá ọmọ mi ni.

Kí n sọ èyí tí mi ò kọ rí lójú ìwé yìí. Ọmọ yìí ní ẹ̀gbọ́n. Màlọmọ́ là ń pè é. Nígbà tó wà ní ìkókó, ìka ọwọ́ àti tẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń wú, ẹyin ojú rẹ̀ á pọ́n bíi ti ẹni tí ibà pọ́njú ń ṣe. Wọ́n ní àbíkú ni. Wọ́n so ṣaworo mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, a ṣe ìpèsè fún ẹgbẹ́ rẹ̀, a bẹ̀ ẹ́ títí. Ó lọ lọ́mọ ọdún mẹ́rin. Kí wọ́n tó sin ín, ẹnìkan nínú ẹbí kọ ilà sí i léjìká, kí a lè dá a mọ̀ bó bá padà wá. Nígbà tí mo bí èyí, èjìká rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ wò. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ní ọsibítù kan, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n ní SS. Wọ́n gba tàwa méjèèjì: AS àti AS. Ẹni tó sọ ọ́ fún mi sọ ọ́ bí ẹni tó ń ka iye owó gààrí, kò gbójú sókè.

Mi ò sọ pé kò sí àbíkú o. Ẹgbẹ́ ọ̀run wà, mo ti rí ohun tó ju ẹ̀jẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n kí a tó mú abẹ sí ara ọmọ yẹn, ó yẹ ká ti yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò nígbà tó wà láàyè.

Lọ́jọ́ ọ̀sẹ̀ Òrìṣà, mo gbé ìbéèrè ọmọ mi lọ bá bàbá wa, àwòrò. Ẹ̀rù ń bà mí nítorí ọ̀rọ̀ ẹmu yẹn. Àmọ́ ṣe ni bàbá rẹ́rìn-ín.

"Ọmọ gidi ni. Ta ló wá sọ fún un pé Òrìṣà ti mọ ènìyàn tán?"

Mo ní, "Bàbá, kò yé mi."

Wọ́n ní ṣé mo ti dé ọ̀dọ̀ àwọn amọ̀kòkò ní Ìlọrin rí. Mo ní mo ti débẹ̀.

"O rí i bí wọ́n ṣe ń sun ún. Obìnrin yẹn mọ kòkò, ó kó o síná. Iná á bi kòkò ní ìbéèrè tirẹ̀. Òmíràn á sán, òmíràn á là á já. Ibà ni iná ilẹ̀ tiwa yìí. Ẹ̀yin ń pa ìtàn amọ̀ bíi pé ọjọ́ kan ló ṣẹlẹ̀ tó sì tán. Ṣé àwọn obìnrin ò lóyún lánàá ni? Ọwọ́ Òrìṣà ṣì wà nínú amọ̀, amọ̀ ò tíì gbẹ."

Ó tẹ́ mi lọ́rùn, kò sì tẹ́ mi lọ́rùn. Àwọn onímọ̀ á ní kò sí amọ̀kòkò kankan níbẹ̀, pé iná nìkan ló ń ṣa kòkò, iná kò sì mọ ohun tó ń ṣe. Èmi ní ọwọ́ wà níbẹ̀. Mi ò ní ẹ̀rọ tí mo lè fi mú ọwọ́ náà han ẹnikẹ́ni, àwọn náà ò sì ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi wá a tì. Èyí tí wọ́n rí nípa iná, mo gbà á, torí mo ti sin ọmọ. Mo ṣì ń wọ funfun mi.

Nígbà tí mo délé, mo sọ fún ọmọ mi pé kò mu ẹmu. Mo ní S tó wà lára rẹ̀, òun ló gba àwọn ìyá ìyá wa lọ́wọ́ ibà. Ibi méjì ló ti bá a ni. Ó ronú sí i. Ó ní, "Ìyẹn ni pé àwọn ni wọ́n jẹ ọjà, èmi ni mò ń san owó rẹ̀." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Kò sí irọ́ tí mo lè fi dá a lóhùn, kò sì bi mí léèrè irọ́.

Ohun tó jẹ́ kí n kọ gbogbo èyí ni ọmọ àbúrò mi. Ó fẹ́ gbéyàwó. Wọ́n ti dífá, Ifá fọre, inú gbogbo ilé dùn. Wọ́n wá ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀: AS lòun, AS ni ìyàwó àfẹ́sọ́nà rẹ̀. Ní ìpàdé ẹbí, àwọn kan ní ẹ̀jẹ̀ yẹn ọ̀rọ̀ òyìnbó ni, Ifá ti sọ̀rọ̀. Mo dìde, mo kúnlẹ̀ fáwọn àgbà, mo ní ẹ dákun, ire tí Ifá fọ̀ kò ní ká di ojú wa. Oyún kọ̀ọ̀kan tí AS méjì bá ní, ọ̀kan nínú mẹ́rin ni pé yóò jẹ́ SS, kì í sì í ṣe pé tí ọ̀kan bá ti jẹ́ ẹ, àwọn tó kù ti bọ́. Oyún kọ̀ọ̀kan ló ń ta ayò tirẹ̀. Ẹ̀yin bàbá wa tí ẹ ń dífá ìgbéyàwó, mo fi ọ̀wọ̀ bẹ̀ yín, kí ẹ tó gbé ọ̀pẹ̀lẹ̀ sílẹ̀, ẹ bi wọ́n níbo ni ìwé àyẹ̀wò wọn wà. Ifá ò ní bínú.

Àwọn méjèèjì kò tíì sọ ohun tí wọ́n máa ṣe. Wọ́n ní àwọn ń bọ̀ wá bá mi lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀, kí n sọ ohun tí ojú mi ti rí fún wọn. Ọmọ mi ní òun fẹ́ jókòó síbẹ̀. Òtútù ṣì ń mú lálẹ́. Mo ní kó wọ súwẹ́tà.