Ológbò Ò Yẹ Kó Máa Bá Wa Jẹ Ọbẹ̀ Ata

Tí ẹ bá béèrè irú oúnjẹ èèyàn tó léwu fún ológbò, ṣokoléètì ni ọ̀pọ̀ máa kọ́kọ́ dárúkọ. Òótọ́ ni, kò dáa fún wọn. Àmọ́ ológbò mélòó ló ń rí ṣokoléètì jẹ nílé wa? Ọbẹ̀ ata ni wọ́n ń rí. Èrò tèmi ni pé ọbẹ̀ yẹn gan-an ló yẹ ká bẹ̀rù, nítorí àlùbọ́sà inú ẹ̀.

Àlùbọ́sà ní àwọn èròjà kan tó ní imí-ọjọ́ nínú. Tí ológbò bá jẹ ẹ́, wọ́n á máa ba hemoglobin jẹ́, ìyẹn ohun tó ń gbé ọ́síjìn káàkiri inú ẹ̀jẹ̀. Àwọn sẹ́ẹ̀lì pupa á wá máa bẹ́. Àwa ń jẹ ẹ́ lójoojúmọ́, kò ṣe wá ní nǹkan kan, torí hemoglobin tiwa kì í tètè bàjẹ́ bíi ti ológbò. Ẹ sè é, ẹ dín in, ẹ lọ̀ ọ́ lúbúlúbú, oró yẹn ò kúrò níbẹ̀. Ti aáyù tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Kò sì dìgbà tó bá pọ̀. Nǹkan bíi 5 gíráàmù àlùbọ́sà fún kílò kọ̀ọ̀kan tí ológbò wọ̀n ti tó láti ba ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ jẹ́. Fún ológbò tó wọn kílò 4, 20 gíráàmù péré nìyẹn. Díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́ náà lè kó jọ. Ó sì lè tó ọjọ́ mélòó kan kí àmì tó yọ: á máa rẹ̀ ẹ́, kò ní fẹ́ jẹun, èrìgì ẹ̀ á funfun, ìtọ̀ ẹ̀ lè dúdú. Nígbà yẹn, ta ló máa rántí ọbẹ̀ ọjọ́ Sunday?

Mo mọ ohun tí ẹ máa sọ: "Ológbò màmá àgbà ń jẹ èbà àti ọbẹ̀, kò kú." Ó dáa. Kí ni màmá àgbà torí ẹ̀ sin ológbò? Àwọn àgbà ní bí ológìnní ò bá sí nílé, ilé á di ilé èkúté. Ológbò yẹn ń jáde lálẹ́, ó ń pa èkúté, ó ń pa alángbá. Inú ẹran yẹn ló ti ń rí taurine, èròjà kan tí ara ẹ̀ ò lè ṣe tó. Tí taurine ò bá tó, agbára ọkàn á dínkù, ojú sì lè fọ́. Ní 1987, Paul Pion àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ní Amẹ́ríkà fi hàn pé àìtó taurine ló ń fa àìsàn ọkàn kan tó ń pa ológbò. Nítorí náà, èbà kọ́ ló gbé ológbò màmá àgbà ró. Iṣẹ́ ọdẹ ẹ̀ ni.

Tiwa ńkọ́? Inú fúláàtì tí nẹ́ẹ̀tì wà lójú fèrèsé ló wà. Ohun tí a bá gbé síwájú ẹ̀ nìkan ló máa jẹ. Àwa la sé ọ̀nà ọdẹ mọ́ ọn, àwa la gbọ́dọ̀ mójú tó ohun tó ń jẹ.

Òótọ́ ni pé oúnjẹ ológbò tí wọ́n ń tà wọ́n. Tí agbára yín bá ká a, ẹ jẹ́ kí ìyẹn pọ̀ jù nínú oúnjẹ ẹ̀, torí wọ́n ń fi taurine sí i. Tí ẹ bá fẹ́ fi tilé kún un, ẹ yọ ẹja tàbí adìẹ tiẹ̀ sọ́tọ̀ kí àlùbọ́sà, iyọ̀ àti amọ́bẹ̀dùn tó wọ ìkòkò. Ẹ yọ egungun. Ọkàn adìẹ dáa gan-an, taurine pọ̀ nínú ẹ̀. Ẹ má sì da omi tí ẹ fi sè é nù, torí taurine máa ń yọ́ sínú omi. Ní ti mílíìkì, ọ̀pọ̀ ológbò tó ti dàgbà ni kì í bá lára mu, ìgbẹ́ gbuuru ló ń dá sílẹ̀. Omi tó mọ́ ti tó.

Tó bá sì ti jẹ àlùbọ́sà, ẹ má dúró de àmì kankan. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko lọ́jọ́ náà.